Ọkọ Ẹ Tí A Dárò Láàyè

                                        Ilé Chaluai onísúgà àgbọn,
                                        Lẹ́yìn tẹ́ńpìlì, Etí Odò Bang Sanae,
                                        Samut Songkhram.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá.

Prayong, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kọ́ ìwẹ̀ lódò,

Ṣé àlàáfíà lo wà níbẹ̀? Orúnkún ẹ ńkọ́, ṣé o ṣì ń fi òróró gbígbóná ra á? Ọmọ ẹ obìnrin ńkọ́, àti ọkọ ẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn? Àwọn ọmọ ọmọ ẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ń lọ sílé ìwé? Ẹ kú òjò, ẹ kú atẹ́gùn òkun Rayong. Thongyoi ọkọ ẹ náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ló yẹ kí n máa béèrè Thongyoi lákòókò yìí, àmọ́ ìkíni ò pé tí mi ò bá dárúkọ ẹ̀, torí náà mo béèrè. Ṣé ó ti ń jẹun?

Àwa náà wà. Omi odò ti gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, ó ku méjì kó wọ ilé ìdáná. Òjò ò jẹ́ kí omi àgbọn dùn, torí náà súgà tí mò ń sè ò fẹ́ dì. Bó ṣe wà nínú ìkòkò, ńṣe ló kàn ń wò mí. Khaofang ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó jókòó síwájú mi, ó ń jẹ gúáfà. Mo ti sọ fún un pé ohun tó bá jáde lẹ́nu mi ni kó kọ, kó má tún un ṣe, kó má gé e kúrú. Ó ní òun ti gbọ́. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti gbọ́.

Prayong, ìwé ni mo fi ránṣẹ́ torí pé o ti tilẹ̀kùn fóònù mọ́ mi. Àràárọ̀ ni mo ṣì ń fi àwòrán òdòdó tó ní àwọ̀ ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí ẹ lórí fóònù, mi ò pa ọjọ́ kan jẹ. Lánàá tó jẹ́ ọjọ́ Ajé, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè. Lónìí, pínkì. Khaofang ní kò sí àmì pé o ṣí ìkankan nínú wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé. Wọ́n kàn tò síbẹ̀ bí abọ́ oúnjẹ tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò sí nílé.

Ọmọ ẹ sọ fún Khaofang pé o ní èmi ni mò ń wá ikú ọkọ ẹ, àti pé Thongyoi ti búra pé òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ etí odò yìí mọ́ láyé òun. Ìyẹn ló lé mi dìde. Láti ọdún mẹ́rin tí ẹ ti kó lọ sí Rayong, kò sí ìparí ìgbà òjò kan tí ẹ ò wálé, ká jọ fún àwọn mọ́ńkì tẹ́ńpìlì wa lóúnjẹ lójú omi. Orí àtẹ̀gùn kan náà lèmi àti ìwọ máa ń jókòó, tá a máa ń fi ewé di ìrẹsì, tá a sì máa ń bú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n dì. Ọjọ́ náà ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Tí o ò bá wá, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ jókòó tì.

Torí náà, jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Tó o bá gbọ́ tán tó o ṣì ń bínú, kò burú, máa bínú lọ, àmọ́ kó o ṣáà mọ ohun tó ò ń bínú sí.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Mo jí, mo dáná, mo fi òdòdó búlúù ránṣẹ́ sí ẹ bó ṣe yẹ ọjọ́ Ẹtì. Ìwọ ò fi tìẹ ránṣẹ́ padà. Láti ọdún mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo ní bóyá o lọ sọ́jà ni. Mo gbé omi àgbọn kaná, mo tún yẹ fóònù wò. Ni mo bá rí i pé àwòrán ẹ tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ, èyí tó o ti wọ ẹ̀wù pupa tó ò ń rẹ́rìn-ín, kò sí níbẹ̀ mọ́. Dúdú ló wà níbẹ̀. Dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ọkọ Uep tó wà ní òdìkejì odò kú, dúdú ló fi síbẹ̀. Nígbà tí ìyá olórí abúlé kú, gbogbo ilé wọn ni wọ́n sọ tiwọn di dúdú. Kò sẹ́ni tó máa ń kéde nǹkan kan. Èèyàn á kàn ṣí fóònù láàárọ̀, á rí dúdú, á sì lọ wá aṣọ dúdú tiẹ̀.

Mo jókòó, mo ń ro ta ni. Kì í ṣe ọmọ ẹ, torí lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ló fi akàn tó sè hàn wá. Kì í ṣe ọkọ ọmọ ẹ, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ báyẹn máa ń pẹ́ láyé. Ó wá ku Thongyoi, tó ti ń wúkọ́ látoṣù tó kọjá. Mo sunkún, Prayong. Mo sunkún títí súgà fi jóná.

O lè ní kí ló dé tí mi ò béèrè. Báwo ni mo ṣe fẹ́ béèrè? Kí n pe obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí n ní, "Prayong, o kú àárọ̀ o, ta ló kú nínú yín?" Ṣé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lẹ́nu èèyàn nìyẹn?

Ohun tó yẹ ni mo ṣe. Khaofang ò sí nílé, ilé ìwé wọn ti kó wọn lọ sínú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn. O mọ̀ pé èmi ò mọ̀wé, àwọ̀ ni mo mọ̀. Mo wá inú àwọn àwòrán mi, mo rí òdòdó funfun kan tó ní àbẹ́là àti ríbọ́ọ̀nù dúdú, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ. Lẹ́yìn náà mo kọjá afárá lọ bá Uep, mo fi àwòrán dúdú ẹ hàn án, mo ní, "Thongyoi ti lọ." Uep mọ̀wé. Ó kọ ọ́ sí gúrúùpù etí odò. Kí n tó bu omi mu, èèyàn mọ́kànlélógójì ti to òdòdó funfun síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé o ti pa gúrúùpù náà lẹ́nu mọ́ látoṣù kẹrin nítorí àwọn àwòrán ológbò. Tèmi nìkan lo rí.

Ni ọ̀rọ̀ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọ̀rọ̀ kúkúrú, ọ̀rọ̀ gígùn. Mo ní, háà, ó ń tú ọkàn ẹ̀ jáde fún mi. Uep ní kí n mú un wá kí òun bá mi kà á. Mo kọ̀. Ọ̀rọ̀ tí opó bá kọ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tí Uep á máa kà, ìwọ náà mọ ẹnu Uep. Mo ní tí Khaofang bá dé, á kà á fún mi ní kọ̀rọ̀. Àmọ́ kí èèyàn ṣí ọ̀rọ̀ ọlọ́fọ̀ kó sì dákẹ́, ìyẹn ò dáa. Torí náà, gbogbo èyí tó o bá kọ ni mo ń fi àwọn àwòrán kéékèèké yẹn dáhùn, pàápàá ehoro tó pa ọwọ́ pọ̀ tó ń tẹríba.

O tún pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò sẹ́. Ti àkọ́kọ́, ọwọ́ mi wà nínú súgà. Ti èkejì, mo wà níwájú àwọn mọ́ńkì. Ti ẹ̀kẹta, mo rí i kedere, mi ò gbé e. Mo mọ̀ pé tí mo bá gbọ́ ohùn ẹ, màá bú sẹ́kún, ìwọ lá wá máa rẹ̀ mí lẹ́kún. Kò sì tọ́ kí opó máa rẹ àlejò lẹ́kún. Ehoro ni mo fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta a kóra jọ sí tẹ́ńpìlì. Mọ́ńkì mẹ́rin ló gbàdúrà, bó ṣe máa ń rí fún òkú. Mo se ìrẹsì, mo se ọbẹ̀ kọrí adìẹ aláta tí Thongyoi fẹ́ràn. Ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ tó gbé sílẹ̀ sábẹ́ ilé mi nígbà tí ẹ kó lọ, mo fi ta tẹ́ńpìlì lọ́rẹ lórúkọ ẹ̀. Mo da omi sílẹ̀ kí ire náà lè bá a níbi tó wà. Mi ò mọ̀ pé Rayong ló wà.

Bàbá tẹ́ńpìlì, olórí àwọn mọ́ńkì, wá ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ nípa olóògbé sọ ọ́. Wò ó, ẹnu ò gbà á tán. Wọ́n ní òun ló tún ìlẹ̀kùn omi ṣe nígbà tí ìjọba gbàgbé wa. Wọ́n ní kò sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rí. Èyí ò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n sọ ọ́. Ibi tí mo fẹ́ kó o ti fetí sílẹ̀ dáadáa rèé, kó o sì pe Thongyoi kó wá gbọ́. Sangiam tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ dìde. Sangiam tí òun àti Thongyoi ò ti kíra láti ọdún mọ́kànlá, torí ó ní eré àsápajúdé tí Thongyoi fi ọkọ̀ sá ló já ọgbà pẹ́pẹ́yẹ òun. Ó dìde, ó ní, "Thongyoi, dárí jì mí. Ọkọ̀ ẹ kọ́. Èmi ni mi ò so ọgbà yẹn lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ látọjọ́ yẹn." Ó wá ń sunkún bí ọmọdé, Uep ló di ẹ̀wù ẹ̀ mú kó má baà ṣubú lu àbẹ́là.

Ọdún mọ́kànlá ni Thongyoi fi ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Èmi náà ò gbà á gbọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, a gba mọ́tò kan pé ká wá bá ẹ sìnkú. Obìnrin mẹ́tàlá àti Sangiam, gbogbo wa wọ dúdú. A gbé òdòdó òkú dání. Fáànù la fi ṣe é, bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí kí tẹ́ńpìlì lè rí i lò lẹ́yìn ìsìnkú, a so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lára pẹ̀lú orúkọ Thongyoi. Ibi tí a ti ń to ara wa sínú mọ́tò ni Khaofang dé láti inú igbó, báàgì lẹ́yìn, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ lójú.

Ó ní, "Màmá àgbà, níbo lẹ̀ ń lọ?"

Mo ní, "À ń lọ sìnkú Bàbá Thongyoi."

"Ta ló sọ pé wọ́n ti kú?"

"Ìyàwó wọn ni. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti ń kọ̀wé sí mi."

Ó gba fóònù. Mo ti rò ó pé kọ̀rọ̀ ló ti máa kà á, àmọ́ ọmọ yìí ò bìkítà, ẹnu ọ̀nà mọ́tò níbẹ̀ ló ti ń kà á sókè. Èyí tó o kọ́kọ́ kọ: "Chaluai, kí lèyí? Ta ló kú?" Abẹ́ ẹ̀, ehoro mi ń tẹríba. Èkejì: "Kò sẹ́ni tó kú níbí o. Ṣé o ṣèèṣì ni?" Mo ti fi ehoro tó ń fi áńkáṣífì nu ojú dáhùn. Ẹ̀kẹta: "Thongyoi ló jókòó síwájú mi yìí, ó ń jẹ ẹja díndín." Mo ti fi béárì méjì tó dì mọ́ra dáhùn. Ẹ̀kẹrin: "Chaluai, jọ̀ọ́, gbé fóònù ẹ." Ehoro. Ìkarùn-ún: "Ó ti rí òdòdó náà. Ó ti gbé àwo sílẹ̀, kò jẹun mọ́." Mo ti fi òdòdó funfun dáhùn, èyí tó tóbi, tí iná àbẹ́là ẹ̀ ń mì. Ìkẹfà: "Ó ní òun mọ̀ pé o ò fẹ́ràn òun látìgbà tí òun ti fẹ́ mi." Prayong, mo ti tẹ ọkàn pupa sí ìyẹn.

Awakọ̀ ní, "Ṣé a ṣì ń lọ?"

Uep ní, "Ṣé ká kúkú lọ kí i pé kò kú?"

Sangiam ní, "Ẹ dúró ná. Kò kú?"

Khaofang ní, "Kò kú, Bàbá."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ẹja díndín ni wọ́n ń jẹ, Bàbá."

Sangiam ní, "Ẹ sún, ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá Bàbá tẹ́ńpìlì sọ."

Ọjọ́ yẹn náà, kó tó dọ̀sán, lo ṣí gúrúùpù tó o rí àwọn mọ́kànlélógójì, lo bá jáde kúrò níbẹ̀, lo bá tilẹ̀kùn mọ́ èmi náà. Mi ò bá ẹ jà. Ká ní èmi ni, màá ti tì í ṣáájú.

Ọmọ ẹ ti ṣàlàyé fún Khaofang. Ó ní ńṣe lo fẹ́ ya àwòrán òdòdó tó o gbìn sínú korobá, kó o fi rọ́pò àwòrán ẹlẹ́wù pupa, àtàǹpàkò ẹ ló jókòó bo ojú tí fóònù fi ń ya àwòrán, ni gbogbo ẹ̀ bá dúdú. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì lo fi ń bá a jà, ìdí nìyẹn tí òdòdó búlúù mi ò fi rí èsì. Mi ò sọ pé ẹ̀bi ẹ ni. Mo kàn ní àtàǹpàkò náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀bi tèmi ni mo wá kà. Mo yẹ kí n gbé fóònù. Mo rò pé ìtẹríba ni mò ń ṣe, kò sì sí ohun tó o béèrè lọ́wọ́ mi ju kí n dáhùn lọ. Ọ̀rọ̀ pé mi ò fẹ́ràn Thongyoi, òótọ́ ni nígbà yẹn. Ó gbé ẹ lọ sí apá ibòmíràn odò, èmi wá ń dá wẹ̀. Àmọ́ ọdún kejìléláàádọ́ta rèé. Nígbà tí mo rí dúdú yẹn, mo sunkún ẹ̀ ju bí mo ṣe sunkún ọkọ tèmi lọ. Khaofang ní ṣé òun kọ ìyẹn náà? Mo ní kó kọ ọ́.

Mo ti ṣètò àbẹ́là, tùràrí àti òdòdó sínú àwo. Ọjọ́ tí Thongyoi bá dé, màá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé mo fi ọdún méjì jù ú lọ. Sọ fún un pé ẹni tí wọ́n bá fi ikú purọ́ mọ́, ẹ̀mí ẹ̀ máa ń gùn sí i ni, Bàbá tẹ́ńpìlì náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo bi Bàbá pé kí la fẹ́ ṣe sí ire tá a ti rán sí i. Bàbá ní kó wà níbẹ̀, kò ní bàjẹ́. Fáànù náà wà ní yàrá mi, ó ń fẹ́ dáadáa. Tí Thongyoi bá fẹ́ ẹ, tiẹ̀ ni, orúkọ ẹ̀ ló wà lára ẹ̀.

Ti Sangiam, ó lọ sọ fún Bàbá pé òun fẹ́ gba ọ̀rọ̀ òun padà, torí òun rò pé ó ti kú lòun ṣe sọ ọ́. Bàbá ní òun mọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú mọ́ńkì mẹ́rin, ibo ló fẹ́ gbé e padà sí? Láti ọjọ́ náà, tí Sangiam bá ń kọjá, àwọn ọmọdé á ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti so ọgbà?" Tí Thongyoi ò bá wálé, etí ẹ̀ ò ní gbọ́ ọ, á sì dùn mí fún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Bàbá ti pinnu pé ọkọ̀ yẹn lòun máa jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n máa gba oúnjẹ lójú omi. Lánàá wọ́n gbé e wò. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń fà sápá òsì, tó jẹ́ pé Thongyoi nìkan ló mọ ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mọ́ńkì ọ̀dọ́ kan ló wà á. Ó yí Bàbá po lẹ́ẹ̀mẹrin lójú kan, ó wá gbé e lọ lu ọgbà pẹ́pẹ́yẹ Sangiam. Bàbá bọ́ sílẹ̀ sínú omi tó mu ún dé àyà, ó rìn wá sílé mi, ó ní, "Chaluai, kọ̀wé sí Rayong. Sọ fún òkú yẹn pé kó wá wa ọkọ̀ ẹ̀." Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí n kọ ọ́, torí náà bẹ́ẹ̀ gan-an ni Khaofang kọ ọ́.

Bá mi kí ọmọ ẹ, kí ọkọ ẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀, bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí. Uep ní kí n kí ẹ. Àwọn mọ́kànlélógójì kí ẹ, ojú ń tì wọ́n. Sangiam ò kí ẹnikẹ́ni.

O ò ní láti kọ̀wé sí mi, Khaofang ní ìdánwò lọ́sẹ̀ yìí, kò ní ráyè kà á, mi ò sì ní gbé e fún Uep. Àwòrán ẹ ṣì dúdú, Prayong. Àràárọ̀ tí mo bá fi òdòdó ránṣẹ́ tán, ibẹ̀ ni mò ń wò. Tó o bá ti dárí jì mí, tí ẹ̀ ń bọ̀, kàn gbé àtàǹpàkò ẹ kúrò. Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n kà fúnra mi.

Èmi ni, ẹni tó ń tọ́jú àyè ẹ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn,

Chaluai.